Àròkọ Alálàyé: Ohun tí Ó Yẹ kí Ẹni tí Ó Fẹ́ Kọ́lé fún Ayálégbé Mọ̀

Ilé kíkọ́ fún yíyá jẹ́ ọ̀nà kan pàtàkì tí àwọn ènìyàn wa ń gbà pèsè sílẹ̀ de ọjọ́ ogbó. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó ti kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì wọn lé ilẹ̀ àti bíríkì. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá ṣòfò, agbára kò sí mọ́ láti wá òmíràn. Nítorí náà, bí o bá ní in lọ́kàn láti di onílé lọ́jọ́ kan, mọ̀ dájú pé ìwé ni ó ń dáàbò bo ilé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Èkíní ni ìwé ilẹ̀. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Nítorí èyí, rìsíìtì tí ọmọ onílẹ̀ bá kọ fún ọ nìkan kò tó. Kí o tó sanwó, mú àwòrán ilẹ̀ náà tí awọnlẹ̀ yà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gbà á, tàbí bóyá ó ti wà lórúkọ ẹlòmíràn.

Èkejì ni ìṣirò. Ká ní ilé rẹ ní yàrá mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú ₦10,000 wá lóṣù. ₦1,200,000 ni lọ́dún. Ṣùgbọ́n bí yàrá méjì bá ṣófo fún oṣù mẹ́ta, ₦60,000 ti lọ. Páànù yóò jò, ọ̀dà yóò ṣá, ìjọba yóò sì béèrè owó tirẹ̀. Máa yọ owó àtúnṣe sọ́tọ̀ kí o tó ná ìyókù, nítorí àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ̀kẹta ni àdéhùn. Kí o tó fún ayálégbé ní kọ́kọ́rọ́, béèrè iṣẹ́ rẹ̀ àti ibi tí ó gbé tẹ́lẹ̀. Kọ iye owó ilé, ìgbà tí yóò máa san án, àti ẹni tí yóò máa tún ohun tí ó bá bàjẹ́ ṣe. Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá rẹ. Bí ó bá sanwó, já rìsíìtì fún un.

Níkẹyìn, bí ayálégbé bá jẹ owó, má ṣe ká páànù lórí rẹ̀, má sì ṣe ju ẹrù rẹ̀ síta. Gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, Òfin Ilé Yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 là á sílẹ̀ pé, níbi tí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ìwé oṣù kan ni a ó fún ẹni tí ń san owó oṣooṣù, oṣù mẹ́fà sì ni ti ẹni tí ń san án lọ́dọọdún. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọjọ́ méje, kí ọ̀rọ̀ tó dé kọ́ọ̀tù. Òfin náà fi ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n lélẹ̀ fún onílé tí ó bá fi ipá lé ènìyàn jáde. Báyìí ni ẹni tí a jẹ ní gbèsè ṣe lè di ọ̀daràn.

Ní àkótán, onílé tí ìwé rẹ̀ pé ni ó ń fi ẹ̀dọ̀ sórí òróǹro sùn.

Àkíyèsí: Nínú irú àròkọ yìí, kókó kan ni kí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ní. Fi àpẹẹrẹ tì í lẹ́yìn kí o tó bọ́ sórí òmíràn.