Ilé Onílé Lórí Òkè Shai

Ní ìdájí Sátidé, kí oòrùn Accra tó mú, trotro kan, danfo tiwọn, á ti gbé àwọn ọ̀rẹ́ tó ń lọ gun òkè gba títì Tema, ó di Afienya. Omi wà nínú àpò, búrẹ́dì wà, bàtà gidi sì wà lẹ́sẹ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn. Sálúbàtà ni tàwọn yòókù. Ibi tí wọ́n ń lọ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 50 lọ: ọgbà ẹranko Shai Hills, níbi tí àwọn ọ̀bọ ńláńlá ti ń dúró de àlejò lẹ́nu géètì. Búrẹ́dì ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Òkè ibẹ̀ kò ga lọ títí. Ohun tó ń dá àlejò lágara ni àpáta tó gorí ara wọn bí ẹrù ọjà, tó jẹ́ pé tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gùn ún, àti ihò tí ẹnu rẹ̀ fún débi pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó sanra á fẹ̀gbẹ́ wọlé, ẹni tó ga á tẹ̀ba. Nígbà tí àpáta bá ti bó awọ ìgúnpá ẹnì kẹta, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ta ló dá àbá ìrìnàjò yìí.

Ìlú ni ihò wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀. Àwọn Shai, tí wọ́n jẹ́ ara ẹ̀yà Dangme, gbé orí òkè náà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ọ̀tá tó bá fẹ́ jà wọ́n lógun gbọ́dọ̀ gba ibi tóóró yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń rákò kò sì lè fa idà yọ. Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá: abẹ́ Olúmọ ni Ẹ̀gbá sá sí ní 1830, àwọn ará Ìdànrè náà sì gbé orí òkè tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ju 600 lọ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Ní ti Shai, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló lé wọn kúrò ní 1892. Ọdún yẹn kan náà ni gómìnà Brandford Griffith lé àwọn Krobo, aládùúgbò wọn, kúrò lórí òkè tiwọn. Àwọn ọmọ Shai ṣì ń padà wá ṣe orò níbẹ̀ lọ́dọọdún. Àfọ́kù ìkòkò náà ṣì wà nílẹ̀, nítorí àwọn obìnrin wọn lókìkí nínú ìkòkò mímọ. Èyí tí àlejò fẹ́ fi bàtà gbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lè jẹ́ etí ìkòkò ọbẹ̀ ìyá ẹnìkan.

Ihò tí wọ́n ń pè ní Sayu ti bọ́ sọ́wọ́ àdán pátápátá. Òórùn ló ń kọ́kọ́ kí èèyàn, òórùn kíkan tó ń ta nímú, kí ariwo tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá tan tọ́ọ̀ṣì, àfi bí ẹni pé àjà ihò ń mì. Ẹni tó ń pòwe pé bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, kò tíì dé Sayu.

Àmọ́ ìgbẹ́ àdán kì í ṣe ohun eré. Eruku rẹ̀ lè gbé kòkòrò àìfojúrí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Irú àdán kan tó ń jẹ èso, tó sì fẹ́ràn ihò, ló tún ń gbé àrùn Marburg, tí Gánà kéde fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù Keje 2022, ní agbègbè Ashanti. Ìbòmú tó ṣẹ́kù nílé láti ìgbà Kòrónà ṣì níṣẹ́ tó lè ṣe.

Ẹni tí Shai kò bá tẹ́ lọ́rùn á kọrí sí agbègbè Volta àti Oti, lẹ́bàá ààlà Tógò. Ní Likpe Todome, ihò mẹ́fà ló wà lórí òkè, okùn sì ni wọ́n ń dì mú níbi tí ọ̀nà bá ga sókè gan-an. Afadja, òkè tó ga jù ní Gánà, wà lápá ibẹ̀ náà. Mítà 885 péré ni. Kilimanjaro jẹ́ 5,895. Kí ẹni tó bá fi èyí rẹ́rìn-ín kọ́kọ́ dé abúlé Liati Wote nísàlẹ̀ òkè náà ná. Ọ̀nà ibẹ̀ kì í yí òkè po, tààrà ló ń lọ sókè láàárín gbòǹgbò àti òkúta. Téèyàn bá dé ṣóńṣó, Tógò ló ń wò lápá ìlà-oòrùn, níbi tí òkè Agou ti fi nǹkan bíi 100 mítà ga ju Afadja lọ.

Gígùn ń gba èémí. Sísọ̀kalẹ̀ ló ń gba itan. Bí èèyàn ṣe ń sọ̀, iṣan iwájú itan ń nà, ó sì tún ń fa ara sẹ́yìn kó má baà já lulẹ̀. Iṣẹ́ méjì yìí lẹ́ẹ̀kan náà ló ń ya iṣan náà wẹ́wẹ́ nínú. Kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni ìrora rẹ̀ ń dé. Ìdí nìyẹn tí akọni orí òkè Sátidé fi ń wọ trotro bí arúgbó ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ọwọ́ kan lára ilẹ̀kùn, ọwọ́ kejì lórí orúnkún, tí kọ̀ńdọ́ sì ń pariwo mọ́ ọn pé kó yára.