Gílóòbù tàn, ara ńkọ́?

Ní Los Angeles, títì kan wà tó gùn láti àárín ìlú títí dé etí òkun: Wilshire Boulevard. Gaylord Wilshire, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe títì náà, kì í ṣe dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ nípa iná mànàmáná ju aládùúgbò rẹ̀ lọ. Oníṣòwò ilẹ̀ ni, sóṣálíìsì ni, ó tún ń tẹ ìwé ìròyìn jáde, owó a sì máa wọlé fún un lónìí kó tún bá ẹ̀yìn jáde lọ́la. Nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ní nǹkan bí ọdún 1925, ó gbé ọjà tuntun dé: kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká róbótó ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí wọ́n fi nǹkan bí awọ bò, tó ṣeé kì bọ iná ilé. I-ON-A-CO ló sọ ọ́. Ẹni tó bá rà á á gbé e kọ́ ọrùn tàbí kó fi sí ìbàdí, á tan iná sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́, á sì fẹ̀yìn ti àga. Dọ́là 58 àti sẹ́ǹtì 50 ni lówó lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀ á san dọ́là 65. Wọ́n ní kò sí àìsàn tó le kọjá agbára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ́ ló ta ọjà náà. Wọ́n máa ń mú kọ́ìlì kékeré kejì jáde, tí gílóòbù tíńtín kan so mọ́. Kò sí wáyà kankan láàárín òun àti kọ́ìlì ńlá. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti gbé e sún mọ́ èyí tó wà lára aláìsàn, gílóòbù á tàn yanran. Ta ló máa rí irú èyí tí kò ní gbà? Agbára kan ń gba ara ènìyàn kọjá, ojú gbogbo ènìyàn sì tó o.

Ohun tí wọ́n rí yẹn kì í ṣe irọ́ o. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Michael Faraday ti rí i ní London lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1831. Ó mú òrùka irin kan, ó wé wáyà mọ́ apá kan rẹ̀, ó wé òmíràn mọ́ apá kejì, ó so bátìrì mọ́ àkọ́kọ́, ó sì so ohun èlò tó ní abẹ́rẹ́ mọ́ ìkejì láti mọ̀ bí iná bá dé ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ta kìjí nígbà tó so bátìrì, ó tún ta kìjí nígbà tó tú u. Láàárín méjèèjì, kò mira. Iná inú wáyà àkọ́kọ́ ló ń sọ òrùka náà di òòfà. Ohun tí Faraday rí fà yọ ni pé òòfà tó dúró sójú kan kì í dá iná sílẹ̀ nínú wáyà. Òòfà tó ń yí padà ló ń dá a sílẹ̀. Iná ilé sì rèé, kì í dúró sójú kan: ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní Amẹ́ríkà, ìgbà 50 ní Nàìjíríà. Ìdí nìyẹn tí tírásífọ́mà orí òpó fi ń ṣiṣẹ́, ìdí náà sì ni gílóòbù Wilshire fi tàn. Ì bá tàn bákan náà ká ní orí tábìlì ni wọ́n gbé kọ́ìlì náà kà, láìsí ẹnikẹ́ni nínú yàrá. Ẹ̀rí tó jẹ́, Faraday ló jẹ́ ẹ fún.

Kí wá ni Wilshire ní òòfà yìí ń ṣe nínú ara? Ó ní irin wà nínú ẹ̀jẹ̀, kọ́ìlì òun á sì sọ irin náà di òòfà, kí ara lè túbọ̀ lo ọ́síjìn. Ó tilẹ̀ ń dárúkọ Otto Warburg, onímọ̀ ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ lórí ipa tí irin ń kó bí ara ṣe ń lo ọ́síjìn. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ Warburg, òun ló sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1931, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni gbé wáyà kọ́rùn.

Òótọ́ ni pé irin wà nínú wa. Nǹkan bí gíráàmù mẹ́ta sí mẹ́rin ló wà nínú ara àgbàlagbà, inú hemoglobin, èròjà tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ni èyí tó pọ̀ jù sì wà. Àmọ́ kò rí bí irin ìṣó, tí ègé irin kan fẹ̀gbẹ́ kan ẹgbẹ̀rún-un ẹgbẹ̀rún èkejì rẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan dá jókòó láàárín àwọn nǹkan mìíràn tó yí i ká. Ní 1936, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ikú Wilshire, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Linus Pauling àti Charles Coryell wọn ọ̀rọ̀ náà ní Pasadena, ẹ̀bá Los Angeles níbẹ̀ náà. Wọ́n rí i pé òòfà máa ń fa hemoglobin tí kò gbé ọ́síjìn díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti gbé ọ́síjìn, ńṣe ni òòfà ń tì í sẹ́yìn. Títì yẹn náà kò tó nǹkan. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ti ènìyàn wọnú ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara, tí òòfà rẹ̀ jẹ́ tesla 1.5 tàbí 3 (tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà), a kò sì tíì gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni wọ́ jọ sápá kan. (Ìyàtọ̀ kékeré tí Pauling rí yìí ni Seiji Ogawa padà lò ní nǹkan bí 1990 láti fi MRI wo ibi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ irin inú ẹ̀jẹ̀ wúlò, àmọ́ kì í ṣe bí Wilshire ṣe rò.)

Àwọn tó ń ká kọ́ìlì nínú ilé lóde òní máa ń dá wa lóhùn pé: ilé ìwòsàn pàápàá ń lò ó. Wọn ò parọ́. Ní 1896, Arsène d'Arsonval ti orí ènìyàn bọ kọ́ìlì ńlá ní ilẹ̀ Faransé, ẹni náà sì ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń bì yẹ̀rì lójú. Silvanus Thompson ṣe bẹ́ẹ̀ ní London ní 1910. Ní 1985, Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sheffield gbé kọ́ìlì lé orí ènìyàn, ìka ọwọ́ ẹni náà sì mira láìjẹ́ pé òun ló mì ín. Ọmọ tí iṣẹ́ yẹn bí ni ìtọ́jú tí FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìtọ́jú ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní 2008 fún àwọn tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí oògùn kò ràn. Ṣáájú ìyẹn, ní 1979, àjọ kan náà ti gbà kí wọ́n máa lo kọ́ìlì fún egungun tó kán tó sì kọ̀ tí kò jọ.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ìyàtọ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ẹnì kan ká wáyà bàbà ní ìgbà 100, tí fífẹ̀ róbótó náà jẹ́ sẹ̀ńtímítà 46, tí iná amp kan sì ń ṣàn nínú rẹ̀. Òòfà tó máa wà láàárín rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí millitesla 0.27 (ẹgbẹ̀rún millitesla ló wà nínú tesla kan). Ó ju ti ilẹ̀ ayé lọ, nítorí 0.025 sí 0.065 nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń gbé lé orí ní ilé ìwòsàn ń lọ sí 1,500 tàbí 2,000. Àlàfo yẹn gan-an kọ́ ló ṣe kókó jù. Òfin Faraday ni pé bí òòfà bá ṣe yára yí padà tó ni iná tó ń dá sílẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ti ilé ìwòsàn ń ti òdo gòkè dé góńgó láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú 10,000 ìṣẹ́jú àáyá, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún amp nínú wáyà. Kọ́ìlì náà á dún pàpà bí ẹni pàtẹ́wọ́, débi pé wọ́n ń fi nǹkan dí etí aláìsàn. Bí a bá fi ìyára méjèèjì wéra, ti ilé ìwòsàn ju ti róbótó inú ilé lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200,000. Iná tí róbótó yẹn ń dá sílẹ̀ nínú ara kéré débi pé kò lè ta iṣan jí.

Ti egungun nìkan ló jọ ti ilé ní agbára, mi ò sì ní fi ìyẹn pa mọ́. Ṣùgbọ́n ojú egungun tó kán ni wọ́n ń gbé e sí, fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́, fún oṣù púpọ̀, àwọn dókítà sì ṣì ń jiyàn lórí bó ṣe ń ṣèrànwọ́ tó. Ẹni tó bá fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé wáyà ọrùn ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ti fò kọjá ibi tí afárá wà.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ní ara àwọn yá lẹ́yìn tí wọ́n lò ó, wọn ò sì parọ́. Ìrora máa ń le, ó sì máa ń dẹ̀. Ìgbà tó le jù ni ènìyàn ń wá ìtọ́jú. Kí ènìyàn fẹ̀yìn ti àga pẹ̀lú ìrètí náà ń tu ara. Ẹ wo bí ìrètí ṣe lágbára tó: ní 1784, ọba Faransé yan ìgbìmọ̀ kan, tí Benjamin Franklin àti Antoine Lavoisier wà nínú rẹ̀, láti yẹ òòfà ara tí Franz Mesmer ń polongo wò. Ọmọlẹ́yìn Mesmer kan fi agbára sí igi kan ṣoṣo nínú ọgbà Franklin. Wọ́n wá fi aṣọ di ọmọkùnrin ọdún 12 kan lójú, wọ́n ń mú un láti igi dé igi. Nídìí igi kẹrin ló ti dákú. Igi tí wọ́n fi agbára sí kọ́ nìyẹn. Ó tilẹ̀ jìnnà sí i.

Ẹ̀dà ọjà Wilshire kan tí wọ́n ń pè ní Theronoid ń tà títí Federal Trade Commission ní Amẹ́ríkà fi pàṣẹ ní 1933 pé kí wọ́n yéé sọ pé ó ń wo àìsàn. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ ká tirẹ̀ nílé kò sí lábẹ́ àṣẹ ẹnì kankan. Láàárín wọn, ọ̀nà tí Robert Beck ará Amẹ́ríkà là sílẹ̀ gbajúmọ̀: wọ́n á tú fláàṣì kámẹ́rà, wọ́n á so kọ́ìlì mọ́ ọn. Èyí bà mí lẹ́rù ju òòfà lọ, nítorí kapásítọ̀ inú fláàṣì ń gbà tó fóòtì 300, ó sì lè di iná náà mú lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á. Ẹni tó kì kọ́ìlì bọ iná ilé ní tààrà kò sàn jù: wáyà á gbóná, ike ara rẹ̀ á yọ́, fóòtì 230 á sì kan ọrùn.

Ẹni tó ti ṣe tirẹ̀ tán, tí mẹkáníìkì iná gidi ti yẹ̀ ẹ́ wò, lè ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ 1784 ṣe. Kó gbé ibi tí wọ́n ti ń tan kọ́ìlì náà sí yàrá kejì lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀rẹ́ náà ju owó ẹyọ sókè nígbà kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá òun á tan iná tàbí òun á pa á, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó má sì sọ̀rọ̀. Ẹni tó gbé kọ́ìlì kọ́rùn á kọ bó ṣe ń ṣe é, nígbà ogún ó kéré tán, kí wọ́n tó gbé ìwé méjèèjì pàdé. Kí ẹ̀rọ mìíràn máa kùn nítòsí, torí kọ́ìlì tí iná wà nínú rẹ̀ máa ń dún wúyẹ́wúyẹ́, ìgbà kọ̀ọ̀kan ò sì gbọdọ̀ pẹ́ débi tí wáyà á fi gbóná. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń darí lílù ọkàn sí láyà, tàbí tó ní irin nínú orí, kò gbọdọ̀ gbé e kọ́rùn rárá, kó má sì jókòó ti ẹni tó gbé e kọ́.