Oyè Kan, Òfin Méjì: Ìtàn Earl ti Tyrone ní Ilẹ̀ Írẹ́lándì

Kò sí ọmọ Yorùbá kan, bí ó ti wù kí ó jìnnà sí ilé tó, tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ kan nígbà tí ó bá gbọ́ pé ọba ìlú rẹ̀ wàjà: ìdílé wo ni ó kàn? Ẹni tí ó béèrè bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé oyè ní ọ̀nà tí a ń gbà dé ìdí rẹ̀, àti pé bí ọ̀nà náà bá pín sí méjì, ìjà ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí ní ilẹ̀ Írẹ́lándì, erékùṣù tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ohun tí ó lé ní irínwó ọdún sẹ́yìn. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi olórí ìdílé kan jẹ oyè. Oyè náà dùn mọ́ ẹni tí ó gbà á, ṣùgbọ́n ó gbé òfin ogún tuntun wọ ilé tí ó ti ní òfin tirẹ̀. Kí àádọ́rin ọdún tó pé, olóyè ti di ìsáǹsá, ilẹ̀ rẹ̀ sì ti bọ́ sọ́wọ́ àjèjì.

ORÚKỌ TÍ Ó JẸ́ OYÈ

Ulster ni orúkọ ẹkùn tí ó wà ní àríwá Írẹ́lándì. Níbẹ̀, ní ilẹ̀ Tyrone, ni ìdílé O'Neill ti ń ṣe olórí láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Niall tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ mọ́ jẹ́ ọba ńlá kan tí ó kú sójú ogun lẹ́bàá Dublin ní ọdún 919, nígbà tí ó ń bá àwọn Viking, àwọn ajagun orí omi láti àríwá Yúróòpù, jà. Ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ṣíwájú orúkọ náà túmọ̀ sí ọmọ-ọmọ. Nítorí náà, O'Neill kò ju ọmọ-ọmọ Niall lọ. Síbẹ̀, orúkọ yìí gan-an ni oyè. Ẹni tí a bá fi ṣe olórí ìdílé, O'Neill láìfi orúkọ mìíràn kún un ni wọ́n ń pè é, kò sì sí oyè kan ní Ulster tí ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ lójú àwọn ènìyàn rẹ̀.

Nígbà tí O'Neill kan bá kú, kò pọn dandan pé kí dáwódù rẹ̀ jogún rẹ̀. Gbogbo ọkùnrin tí wọ́n jọ ti ara bàbá-ńlá kan wá, èyí ni bàbá tí ó bí bàbá bàbá wọn, ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí oyè: ọmọ, àbúrò, ọmọ àbúrò àti àwọn ìbátan mìíràn. Nínú wọn ni a ó ti yan ẹni tí ó gbọ́n, tí ó lágbára, tí apá rẹ̀ sì ká ogun. Nígbà púpọ̀, wọ́n a tilẹ̀ yan án kí olórí tó kú, kí àyè má baà ṣófo. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní tánaiste. Àǹfààní àṣà yìí ni pé a kì í gbé ìlú lé ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn tí oyè tọ́ sí a máa pọ̀ jù, idà ni wọ́n sì sábà fi ń dìbò.

Orí òkè Tullyhogue ni wọ́n ti ń fi O'Neill jẹ, lórí àga òkúta. Ìdílé O'Cahan àti ìdílé O'Hagan ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lọ́wọ́ àwọn afọbajẹ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní bàtà ni wọ́n ń jù kọjá lórí ẹni tí wọ́n bá fi jẹ, láti fi hàn pé ó ti di olúwa lórí wọn.

ÌWÉ OYÈ LÁTI ÀÀFIN GẸ̀Ẹ́SÌ

Àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kò pe ara wọn ju Olúwa Írẹ́lándì lọ. Ní ọdún 1541, Ọba Henry Kẹjọ mú kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí ó wà ní Dublin kéde rẹ̀ ní Ọba Írẹ́lándì. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìkéde, ọ̀tọ̀ ni ìṣàkóso, nítorí pé apá tí ó pọ̀ jù nínú erékùṣù náà kò mọ ọba kankan ju olórí ìdílé tirẹ̀ lọ. Ajẹ́lẹ̀ Henry ní Dublin, Sir Anthony St Leger, wá dá ọgbọ́n kan. Kí olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan kó ilẹ̀ rẹ̀ lé ọba lọ́wọ́, kí ó kọ orúkọ oyè ìbílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ ìtẹríba. Ọba yóò wá dá ilẹ̀ náà padà fún un pẹ̀lú ìwé àṣẹ àti oyè bí ti àwọn ìjòyè ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Lójú lásán, kò sí ohun tí ó sọnù. Ilẹ̀ tí olórí fi ọwọ́ ọ̀tún fi sílẹ̀ ni ó fi ọwọ́ òsì gbà padà. Ṣùgbọ́n ohun ńlá ti yí padà. Ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti ìran tẹ́lẹ̀ ti di ti ẹnì kan ṣoṣo, láti ọwọ́ ọba. Ìwé ọba, kì í sì í ṣe ìpàdé ìdílé mọ́, ni yóò máa sọ ẹni tí ó kàn.

Conn O'Neill, tí wọ́n ń pè ní Bacach, èyí tí ó túmọ̀ sí amúkùn-ún, gbà bẹ́ẹ̀. Ó kọjá òkun lọ sí ààfin Greenwich, níbi tí Henry ti fi í jẹ Earl ti Tyrone ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1542. Ní àsìkò kan náà ni wọ́n fi ọmọ rẹ̀ Matthew jẹ Baron ti Dungannon, ìwé oyè náà sì sọ ọ́ gbangba pé Matthew ni yóò jogún bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìjàngbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀.

ỌMỌ O'NEILL TÀBÍ ỌMỌ ALÁGBẸ̀DẸ?

Ìyá Matthew ni Alison Kelly, ìyàwó alágbẹ̀dẹ kan ní ìlú Dundalk. Ilé alágbẹ̀dẹ yìí ni ọmọ náà gbé dàgbà, kí ìyá rẹ̀ tó mú un tọ Conn lọ pé òun ni ó ni ọmọ. Conn kò jiyàn. Àṣà ìbílẹ̀ fàyè gba ohun tí ó ṣe, nítorí pé ọmọ tí bàbá bá ti pè ní ọmọ ti di ọmọ. Ṣùgbọ́n Conn ní ọmọkùnrin mìíràn tí kò sí ẹni tí ó ń jiyàn bíbí rẹ̀. Shane ni orúkọ rẹ̀, akíkanjú ni, àwọn ènìyàn a sì máa pè é ní Shane Agbéraga. Kò gbà kí ẹni tí òun ń pè ní ọmọ alágbẹ̀dẹ jókòó sórí àga àwọn bàbá òun.

Ní ọdún 1558, àwọn ọmọ ogun Shane pa Matthew. Conn arúgbó kú ní 1559, wọ́n sì fi Shane jẹ O'Neill gẹ́gẹ́ bí àṣà. Báyìí, ìwé ọba sọ pé Brian, ọmọ Matthew, ni Earl. Òkúta Tullyhogue sì sọ pé Shane ni O'Neill.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1562, Shane lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti rojọ́ níwájú Ọbabìnrin Elizabeth. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú àáké lọ́wọ́, àwọn ará ìlú sì ń wò wọ́n bí ìran. Ó wólẹ̀ fún ọbabìnrin, ó sì fi èdè Írẹ́lándì bẹ̀bẹ̀. Kókó méjì ni ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ kà. Èkíní ni pé Matthew kì í ṣe ọmọ Conn, nítorí náà ìwé oyè náà ti ní àbùkù láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: pé Conn kò ní ẹ̀tọ́ kankan sí ilẹ̀ Tyrone ju ìgbà ayé rẹ̀ lọ. Ti ìran ni ilẹ̀. Ohun tí kì í ṣe ti ènìyàn, kò lè fi ta ọba lọ́rẹ, ọba pẹ̀lú kò sì lè dá a padà fún un.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí Shane tilẹ̀ jẹ́ oníjàgídíjàgan, ìbéèrè tí ó béèrè kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọn kò sì rí ìdáhùn fún un títí ó fi padà sílé. Nígbà tí ó ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbátan rẹ̀ kan, Turlough Luineach O'Neill, mú kí wọ́n pa Brian lójú ọ̀nà. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Shane fúnra rẹ̀ kò kú ikú àgbà. Ní ọdún 1567, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́gun rẹ̀, ó sá tọ àwọn MacDonnell, tí ó ti fi ogun fìyà jẹ rí, lọ fún ìrànlọ́wọ́. Àwọn ni wọ́n pa á. Ní 1569, ilé aṣòfin Dublin kéde òkú rẹ̀ ní ọ̀dàlẹ̀, wọ́n sì fòfin de jíjẹ orúkọ O'Neill gẹ́gẹ́ bí oyè. Ṣùgbọ́n Turlough Luineach ti jẹ ẹ́ kí òfin tó jáde.

FÌLÀ MÉJÌ LÓRÍ KAN

Ó ku Hugh, àbúrò Brian. Láàrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní agbègbè Dublin ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó sì ti bá wọn jagun rí. Èrò ìjọba ni pé òun ni yóò fi òfin tuntun múlẹ̀ ní Ulster. Ní 1585, wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí Earl ti Tyrone nínú ilé aṣòfin, ní 1587 sì ni ìwé àṣẹ rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí Turlough kú ní 1595, Hugh gun òkè Tullyhogue lọ, ó jókòó sórí òkúta, wọ́n sì fi í jẹ O'Neill. Ó mọ̀ pé Earl lè gba owó orí, ṣùgbọ́n O'Neill nìkan ni ó lè pe Ulster sójú ogun.

Ogun ọ̀hún gba nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án. Ní 1598, ó ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Yellow Ford, ìṣẹ́gun tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Írẹ́lándì. Ní ìparí 1601, wọ́n ṣẹ́gun òun náà ní Kinsale, bí àwọn ọmọ ogun Spéìn tilẹ̀ wá ràn án lọ́wọ́. Ní 1602, Lord Mountjoy, ọ̀gá ogun Gẹ̀ẹ́sì, dé Tullyhogue, ó sì fọ́ àga òkúta náà túútúú. Kì í ṣe òkúta ni ó ń bá jà. Ó mọ̀ pé bí kò bá sí àga mọ́, kò ní sí ibi tí a ó ti fi O'Neill mìíràn jẹ.

Hugh túúbá ní Mellifont ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ọdún 1603. Ọbabìnrin tí ó ń túúbá fún ti kú ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún un. Wọ́n jẹ́ kí ó máa jẹ́ Earl nìṣó. Orúkọ O'Neill ni wọ́n ní kí ó kọ̀ sílẹ̀.

Oyè tí ó kù sí i lọ́wọ́ kò gbà á. Àwọn agbẹjọ́rò ọba tuntun, James Kìn-ín-ní, bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ilẹ̀ wò. Wọ́n ti O'Cahan lẹ́yìn láti bá a ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, O'Cahan tí ìdílé rẹ̀ ti ń fi O'Neill jẹ láti ayébáyé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rù bà á pé wọn yóò tì í mọ́lé.

ÀWỌN TÍ WỌ́N LỌ TÍ WỌN KÒ PADÀ

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1607, ọkọ̀ ojú omi kan ṣí kúrò ní Rathmullan. Hugh àti ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kan, Earl ti Tyrconnell, àti àwọn ẹbí àti ìránṣẹ́ wọn ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn tó ọgọ́rùn-ún. Wọ́n ń sáré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ọmọ Hugh kékeré kan, Con, sílẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ọmọ náà, wọ́n fi í sí ilé ìwé Eton, nígbà tí ó yá wọ́n fi í sí àtìmọ́lé ní Tower ti Lọ́ńdọ̀nù.

Hugh dé Róòmù ní 1608. Ó ní lọ́kàn láti padà sílé pẹ̀lú ọmọ ogun Spéìn, ṣùgbọ́n ọmọ ogun náà kò wá. Ó kú síbẹ̀ ní 1616, ilé ìjọsìn San Pietro in Montorio ni ibojì rẹ̀ sì wà di òní. Ọmọ rẹ̀ John jẹ́ orúkọ Earl ti Tyrone ní Spéìn, ó ṣe olórí ọmọ ogun àwọn ará Írẹ́lándì níbẹ̀, ó sì kú sójú ogun ní Catalonia ní 1641. Ó ní oyè, kò ní ilẹ̀.

Nílé, àwọn adájọ́ kò fi àkókò ṣòfò. Ní 1608 kan náà, ilé ẹjọ́ ọba ní Dublin dá a lẹ́jọ́ pé àṣà yíyan tánaiste kò bá òfin mu. Ìjọba gba ilẹ̀ àwọn tí ó lọ, wọ́n sì pín in fún àwọn tí ó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Skọ́tlándì. Lára ìpín yìí ni ìyapa tí ó ṣì wà ní Àríwá Írẹ́lándì ti ṣẹ̀.

Oyè Earl ti Tyrone kò kú, ṣùgbọ́n ó ṣí kúrò nílé. Ní 1673, ọba fi í jẹ Richard Power, ẹni tí kì í ṣe O'Neill. Nígbà tí ìlà àwọn ọkùnrin ìdílé náà pin ní 1704, oyè ṣófo títí di 1746, tí wọ́n fi í jẹ Marcus Beresford, ọkọ ọmọbìnrin ìdílé Power. Àwọn Beresford ti di Marquess ti Waterford láti 1789, gúúsù sì ni ìjókòó wọn wà. Lónìí, Earl ti Tyrone kò ju orúkọ ọ̀wọ̀ tí àrẹ̀mọ wọn ń jẹ́ kí ó tó jogún bàbá rẹ̀.

Ó ku ohun kan tí ó yẹ kí a fi parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí Írẹ́lándì ti gòkè àgbà dé ibi òmìnira, wọ́n kọ òfin-ìpìlẹ̀ ní 1937. Òfin náà sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni jẹ irú oyè bí Earl. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún igbákejì olórí ìjọba, Tánaiste ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é títí di òní. Ọ̀rọ̀ tí ilé ẹjọ́ fòfin dè ní 1608 ni ó wà lẹ́nu gbogbo ìlú. Oyè tí ọba fi ìwé àti òǹtẹ̀ fún Conn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹni tí ó fúnni ní oyè ní agbára láti gbà á padà. Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ní ọjọ́ tí ìròyìn bá dé láti ilé pé oyè ṣófo, ẹ má ṣe béèrè ìdílé tí ó kàn nìkan. Ẹ béèrè pẹ̀lú pé: òfin ta ni a ó fi yàn án?