Òkúta ni asẹ́ àgbà nínú táǹkì omi iyọ̀

Lẹ́yìn ètò tá a ṣe lórí òkun, àǹtí kan kọ̀wé sí wa láti Toronto. Wọ́n ra táǹkì ẹja olómi iyọ̀ fún ọmọbìnrin wọn, wọ́n sì kó ẹja mẹ́ta sí i ní ọjọ́ kẹrin. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, méjì ti kú. Ọmọ ti sọ ẹyọ kan tó kù lórúkọ, ojoojúmọ́ ló sì ń béèrè bóyá òun náà máa kú. Ìbéèrè wọn rèé: ṣé kí àwọn ra fílítà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni?

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Èmi náà ń sin ẹja omi iyọ̀ nínú fúláàtì wa, ohun tí mo sì máa kọ́kọ́ fura sí ni ammonia. Ẹja máa ń tú ammonia jáde bó ṣe ń mí. Oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán náà ń jẹrà, ó ń di ammonia. Nínú òkun, omi pọ̀, kò hàn. Nínú àpótí gíláàsì, májèlé ni. Lónìí, ẹ fi ohun èlò ìdánwò yẹ omi wò. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà, kí ẹ fi omi iyọ̀ tuntun rọ́pò rẹ̀, omi tí kò ní chlorine, tí iyọ̀ rẹ̀ àti ìlọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ̀ bá ti inú táǹkì mu. Ẹ tún un dán wò lọ́la. Ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ má sì ra ẹja kankan sí i.

Fílítà tuntun ò lè yanjú ẹ̀ lónìí, torí kì í ṣe fílítà gan-an ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Bakitéríà ni. Irú kan ń sọ ammonia di nitrite, tí òun náà ṣì jẹ́ májèlé. Irú mìíràn ń sọ nitrite di nitrate, tí ẹja lè fara dà ju méjì àkọ́kọ́ lọ. Nínú táǹkì tuntun, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ara nǹkan ni wọ́n sì máa ń lẹ̀ mọ́, pàápàá ara òkúta.

Ìdí nìyẹn tí àwa tá à ń sin ẹja yìí fi ń náwó lórí òkúta. Ọ̀ṣọ́ kọ́ o. Òkúta tó dáa ní ihò wẹ́wẹ́ bíi búrẹ́dì. Ní ojú rẹ̀, oxygen pọ̀, ibẹ̀ sì ni bakitéríà méjì tí mo dárúkọ ń gbé. Nínú lọ́hùn-ún, oxygen ò tó nǹkan. Irú mìíràn ló ń gbé ibẹ̀, òun ló ń sọ nitrate di atẹ́gùn nitrogen tó ń jáde kúrò nínú omi.

Egungun iyùn ló pọ̀ jù nínú òkúta bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, iyùn: ìbátan èyí tí ìyàwó ń fi sọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Calcium carbonate ni àwọn méjèèjì. Èyí tó bá wá pẹ̀lú ohun abẹ̀mí lára rẹ̀ là ń pè ní òkúta ààyè, wọ́n sì tún ń ta òkúta gbígbẹ. Gbígbẹ ni mo fara mọ́ ní tèmi: kò sí kòkòrò tó fara pamọ́ sínú ẹ̀, a ò sì wú u kúrò lójú òkun. Ó kàn gba sùúrù ni. Ẹ má ṣáà ṣa òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí bàbà bá wà nínú ẹ̀, díẹ̀ péré lè pa edé àti iyùn.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ má se òkúta ààyè, ẹ má sì fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Àwọn ẹ̀dá kan tó jọ iyùn, bíi Palythoa, lè ní palytoxin lára, ọ̀kan nínú àwọn májèlé tó lágbára jù láyé. Ní 2018, ní Oxfordshire, ìdílé kan dèrò ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n fọ iyùn inú táǹkì wọn.

Tó bá wá kan títò ó, ibí gan-an lọ̀rọ̀ àwọn àgbà ti wúlò: ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òkúta tó jókòó lórí ojú mẹ́ta kì í mì. Èyí tó jókòó lórí méjì máa ṣubú lọ́jọ́ kan, gíláàsì ló sì máa bà. Ẹ gbé òkúta ìsàlẹ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó da iyanrìn sí i, torí àwọn ẹja àti edé kan máa ń gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ ìdí òkúta tó bá jókòó lé iyanrìn. Mo máa ń fi epoxy lẹ ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, màá wá fọwọ́ mì ín jìgìjìgì kí n tó bu omi sí i. Ẹ má mọ ọ́n bí ògiri. Ẹ jẹ́ kí omi rí àyè kọjá láàárín wọn, torí ibi tí omi ò dé ni ìdọ̀tí ń kó jọ sí. Ẹ fi àyè ọwọ́ kan sílẹ̀ lẹ́yìn kí ẹ lè nu gíláàsì. Kí n tó gbàgbé, omi òkun lítà kan wúwo tó 1.025 kílò. Lítà 200 ti lé ní kílò 200 kó tó kan òkúta, nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kì í ṣe àárín yàrá.

Ó wá ku ohun tá a máa kó sínú fílítà. Òwú àti fóòmù ń gba ìdọ̀tí tójú rí. Ẹ fọ̀ wọ́n tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ wọn ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin síra, torí ìdọ̀tí tó há sínú òwú ṣì wà nínú omi, ó ń jẹrà lọ ni. Òrùka seramíìkì ní tiẹ̀ jẹ́ ilé bakitéríà; tí òkúta yín bá pọ̀, ẹ ò nílò rẹ̀ púpọ̀. Omi tẹ́ ẹ bá yọ nínú táǹkì ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Chlorine inú omi ẹ̀rọ máa pa àwọn òṣìṣẹ́ yín.

Èédú ló kẹ́yìn. Kì í ṣe èédú tá a fi ń yan ẹran o! Èèpo àgbọn ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, wọ́n á fi ooru líle là á ní àìmọye ihò, débi pé gíráàmù kan lè ní ojú tó fẹ̀ ju mítà onígun mẹ́rin 500 lọ. Ó ń gba àwọ̀ pupa rúsúrúsú, òórùn àti àwọn kẹ́míkà kan. Kì í mú ammonia, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ. Oṣooṣù ni mo ń pààrọ̀ tèmi, màá sì ṣan eruku dúdú kúrò lára tuntun kí n tó dì í sínú àpò rẹ̀.