Ọwọ́ Àwọn Kru Nínú Gìtá Jùjú

Bí ẹ bá fetí sí àwo jùjú tí wọ́n ṣe kí iná mànàmáná tó wọnú gìtá, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ènìyàn méjì ló ń ta á. Ohùn kan ń rìn nísàlẹ̀, kò sáré, kò sì dúró. Òmíràn ń já wọlé lókè, ní àlàfo tí ti ìsàlẹ̀ fi sílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló di àwọn okùn tó nípọn mú, ìfábẹ̀lá ló ń ta àwọn tó tín-ín-rín.

Àwọn Kru ló gbé ọgbọ́n yìí káàkiri. Etíkun Làìbéríà ni ilé wọn, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi sì ni ayé fi mọ̀ wọ́n, nítorí àwọn ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òyìnbó ń gbà síṣẹ́ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni gìtá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó lè ru dùùrù kiri èbúté, ṣùgbọ́n gìtá ṣeé gbé kọ́ èjìká. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Freetown, sí Accra tàbí sí Èkó, Kru á sọ̀kalẹ̀, gìtá á bá a sọ̀kalẹ̀, ó di ilé ẹlẹ́mu. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ onílùú ti ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ojú ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Kwame Asare, tí wọ́n tún ń pè ní Jacob Sam, wà lára àwọn tó kọ́ ọ ní Gold Coast. Kru kan ló kọ́ ọ. Ní 1928, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Kumasi Trio ṣe àwo ní London fún Zonophone, "Yaa Amponsah" sì wà nínú rẹ̀. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí háíláìfù, orin yẹn ni wọ́n máa ń ní kó kọ́kọ́ gbọ́.

Krusbass ni àwọn onígìtá Èkó ń pe ọwọ́ náà. Lásìkò tí Tunde King, ọmọ Olówógbowó, ṣe àwo jùjú rẹ̀ ní 1936, gìtá-báńjò okùn mẹ́fà ló ń ta, pẹ̀lú ìlù díẹ̀. Nígbà tó di 1949, Ayinde Bakare fi iná mànàmáná sí gìtá tirẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo èyí o. Láti ìgbà tí gìtá ti ní ohùn tó lè borí ariwo òde, ààyè gba gángan àti ìlù rẹpẹtẹ láì bò ó mọ́lẹ̀, ẹgbẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

Ohun tí mo wá rí, tí mo sì gbà gbọ́ gidigidi, ni pé iṣẹ́ ìka méjì yẹn kò parẹ́ nígbà tí ẹgbẹ́ pọ̀: ṣe ni wọ́n pín in. Nínú ẹgbẹ́ Ebenezer Obey àti ti King Sunny Adé, gìtá kan á di ọ̀rọ̀ kúkúrú kan mú, kò ní yẹsẹ̀. Òmíràn á máa dá a lóhùn. Gìtá tẹ́nọ̀ á gba àlàfo, gìtá aṣíwájú á fò gun orí gbogbo wọn. Ohun tí ọwọ́ kan ń dá ṣe nílé ẹlẹ́mu ló di iṣẹ́ ọkùnrin mẹ́rin, márùn-ún. Obey alára gba ọ̀dọ̀ onígìtá Fatai Rolling Dollar kọjá kó tó dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Bàbá Fatai ṣì ń ta gìtá lórí ìtàgé lẹ́yìn tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kó tó kú ní 2013.

Inú mi kì í dùn tí mo bá rí ọ̀dọ́ tó fi ọwọ́ gbá gbogbo okùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sì mọ ọ̀nà mìíràn. Ẹ jẹ́ kó kọ́ ti ilé mọ́ ọn. Àtàǹpàkò nìkan ni kó kọ́kọ́ ta, lórí okùn tó nípọn, títí yóò fi lè máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láì ṣìnà. Ìgbà náà ni kí ìfábẹ̀lá wọlé, kó sì wọlé sínú àlàfo, kì í ṣe sórí àtàǹpàkò. Tó bá ti ń dọ́gba, kó fi àwo Ayinde Bakare sí i, kó máa ta tẹ̀lé e.