Kí Ọmọ Tó Lọ sí Yunifásítì: Ọ̀rọ̀ GP, Owó Oògùn àti Ẹ̀jẹ̀ SS

Tó bá ti di September, ẹ wo iwájú ilé àwọn èèyàn wa ní Forest Hill níbí: ìkòkò tuntun, dúfẹ́ẹ̀tì, ike ata díndín tí Mọ́mì ti gbé sí fìríìsà, gbogbo ẹ̀ ń wọ búùtù mọ́tò. Kò sẹ́ni tó ń gbàgbé ìrẹsì. Ọ̀rọ̀ dókítà ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n bí síbí gbà pé wàhálà adójútòfò ìlera, ti Amẹ́ríkà ni, níbi tí òbí ti lè fi ọmọ sábẹ́ adójútòfò tiwọn títí tó fi pé ọdún 26. Níbí, ṣebí NHS wà? Ó wà. Ṣùgbọ́n NHS kì í wá ọmọ kiri. Ọmọ ló máa lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP tó sún mọ́ yunifásítì ẹ̀. Tó bá ti ṣe é, fáìlì ẹ̀ á gba orí kọ̀ǹpútà tẹ̀lé e láti Forest Hill dé ibi tó lọ. Tí kò bá ṣe é, fáìlì ò kúrò níbi tó wà. (Èmi tí mò ń kọ sọ́fítíwia jẹun, mo lè sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ò mọ ìtara òbí.) Ẹ má sì rò pé á pàdánù dókítà ilé. Tó bá wálé lásìkò ìsinmi tí ara ẹ̀ ò yá, GP ilé lè gbà á fúngbà díẹ̀, títí dé oṣù mẹ́ta.

Fún ọmọ tí ara ẹ̀ le, ìyẹn lè má já mọ́ nǹkan kan. Fún ọmọ SS, ọ̀rọ̀ míì ni. Ní Nàìjíríà, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS, àwọn òbí wa sì gbé ẹ̀jẹ̀ yẹn wá síbí. Ọmọ SS tó dàgbà ní Forest Hill, bọ́ọ̀sì 176 tàbí 185 ló máa gbé e dé King's College Hospital ní Denmark Hill, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde láti ọjọ́ pípẹ́. Tó bá dé ìlú tí aláwọ̀ dúdú ò pọ̀, ó lè jẹ́ òun ni SS àkọ́kọ́ tí dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn máa fojú rí. Láti 2012 ni àjọ NICE ti là á kalẹ̀ pé kí wọ́n fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní oògùn ìrora láàárín ìṣẹ́jú 30 tó bá dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aṣòfin gbé ìjábọ̀ "No One's Listening" jáde ní November 2021, ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn aláìsàn yàtọ̀: wọ́n ń fi wọ́n sílẹ̀ nínú ìrora, wọ́n ń fura sí wọn pé oògùn olóró ni wọ́n ń wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 21 kan tó kú ní àríwá London ní 2019 wà lára ohun tó fa ìjábọ̀ náà. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló wà tó fi pe 999 pé òun ń fẹ́ ọ́síjìn.

Owó oògùn náà ńkọ́? Ní England, ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ tó ṣì ń kàwé títí tó fi di ọdún 19. Lẹ́yìn ìyẹn, oògùn kọ̀ọ̀kan ti di £9.90 láti May 2024. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ súgà ò ní san, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń lo oògùn wárápá. Ẹni tó jẹ́ SS á san, torí pé 1968 ni wọ́n ti ṣe àkọsílẹ̀ àwọn àìsàn tí kì í san owó, wọn ò sì kọ tiwa sí i. Ó ń bí mi nínú. Ọmọ tó ń kàwé ní Scotland tàbí Wales ò ní san kọ́bọ̀. Ní England, kí ọmọ kọ fọ́ọ̀mù HC1. Tí owó tó ń wọlé fún un bá kéré tó, wọ́n á fún un ní HC2, oògùn, eyín àti àyẹ̀wò ojú á sì di ọ̀fẹ́. Tí wọn ò bá fún un, £114.50 ló máa fi ra ìwé ọlọ́dún kan tó kárí gbogbo oògùn ẹ̀.

Àwọn tó ń ti ilé bọ̀ wá kàwé ńkọ́? Àbúrò mi kan tó ti Ìbàdàn wá ṣe másítàsì wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àgbo àti paracetamol ló ń mu. Ó ní òun ò lówó ilé ìwòsàn. Mo ní, "Owó wo? O ti san án tán kí o tó wọ bàálù!" IHS tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ pẹ̀lú físà nìyẹn: £776 lọ́dún fún akẹ́kọ̀ọ́ láti February 2024, tó di £1,164 fún físà másítàsì olóṣù 16. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2015, £150 péré ni lọ́dún. Wọn kì í fún èèyàn ní káàdì kankan tó lè mú dání, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ò fi mọ ohun tí wọ́n rà. GP ò ní gba owó lọ́wọ́ ẹ̀. Owó oògùn, eyín àti àyẹ̀wò ojú ṣì wà láti san, HC1 sì wà fún òun náà. Tí kò bá tíì pé ọdún 25, kó béèrè abẹ́rẹ́ MenACWY tó ń dènà yírùnyírùn. Ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ kan tó máa ń dun àwọn ìyá wa: ọmọ ọdún 18 ti di àgbà níwájú òfin. Ẹ lè pe dókítà títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí ọmọ ò bá fọwọ́ sí i, wọn ò ní sọ nǹkan kan fún yín. Torí náà, ilé ni kí ẹ ti jọ sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Peckham tí ọmọ ẹ̀ obìnrin jẹ́ SS jókòó pẹ̀lú ọmọ náà, wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kan: genotype, oògùn tó ń lò lójoojúmọ́, oògùn ìrora tó ń ṣiṣẹ́ lára ẹ̀ àti ìwọ̀n ẹ̀, orúkọ dókítà ẹ̀ àti nọ́ńbà ilé ìwòsàn. Ọ̀kan wà nínú fóònù ọmọ, ọ̀kan wà lára ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń gbé.