Ìrẹsì Inú Kúlà: Ìbéèrè Tí A Kì Í Bi Olóúnjẹ

Kò sí àdúgbò tí kò ní ilé oúnjẹ kan tí gbogbo èèyàn máa ń sáré lọ bá bí ìsọmọlórúkọ, nikáà tàbí wàlímọ̀ bá dé. Bí wọ́n bá ní kí á sọ ìdí tí a fi fẹ́ràn rẹ̀, a ó ní ìrẹsì wọn máa ń ta sánsán, ẹran wọn tóbi, ìyá olóúnjẹ mọ èèyàn kí, àwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kì í fajú ro. Bí a bá sì ń bínú sí wọn, ohun tí a ó sọ kò ju pé oúnjẹ ò kárí, tàbí pé ẹran kéré, tàbí pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé. Ìbéèrè kan wà tí a kì í bi wọ́n. Àwa náà kò béèrè rẹ̀ rí, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ kàn wá.

Wàlímọ̀ àwọn ọmọ ilé-kéú wa ni. A gbé iṣẹ́ oúnjẹ fún ilé oúnjẹ kan ní àdúgbò: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín àti ẹran ògúnfe fún nǹkan bí èèyàn 200. Ìwé ìpè sọ pé aago 10 àárọ̀ ni ètò yóò bẹ̀rẹ̀, nítorí náà a sọ fún ìyá olóúnjẹ pé kí oúnjẹ ti dé kí aago 9 tó lù. Ẹ kúkú mọ bí ètò wa ṣe máa ń rí. Aago 12 ni alága dé. Àwọn ọmọ ka Kùránì, a kírun Àìlà, oníwàásù sọ̀rọ̀ títí, a tún dá owó kíkọ́ mọ́sálásí. Aago 3 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kí a tó ṣí kúlà àkọ́kọ́. Oúnjẹ náà dùn. Kò kan, kò rùn, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Gbogbo èèyàn ń yin ìyá olóúnjẹ.

Kí a tó kírun Màgáríbà, fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹni tó ń bì wà, ẹni tí inú ń lọ́ wà, ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru wà. A gbé ìyá àgbà kan àti ọmọ ọdún mẹ́rin kan lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí wọn lára di ọjọ́ kejì. Alhamdulillah, kò sí ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti gba àdúgbò. Àwọn kan ní ọ̀tá ẹgbẹ́ wa ló fi nǹkan sí oúnjẹ, àwọn mìíràn ní ìrẹsì àná ni ìyá olóúnjẹ gbé wá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, búkà tí èèyàn máa ń tò sí lọ́sàn-án ti dá páropáro.

A rán èèyàn mẹ́ta lọ bá a, kì í ṣe láti lọ jà. Ó sunkún kó tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àlàájà, ìrẹsì tuntun ni. Aago 2 òru ni mo dáná. Aago 5 la ti dì í sínú kúlà, torí ẹ̀yin lẹ ní kó dé kí aago 9 tó lù." Nígbà tí a wá ka wákàtí náà, láti aago 5 àárọ̀ títí di aago 3 ọ̀sán, wákàtí 10 gbáko ni. Ojú tì wá.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa ló jókòó tì wá tó là á yé wa. Kòkòrò àrùn kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus cereus. Inú erùpẹ̀ ló ń gbé, ó sì máa ń bá ìrẹsì wá láti oko. Kòkòrò yìí máa ń sá pamọ́ sínú èèpo líle kan, bí irúgbìn tó wà nínú kóró, omi híhó kì í sì í ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Bí ìrẹsì bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí iná tí ooru rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èèpo á là, kòkòrò á jáde, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Nínú oúnjẹ tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ọ̀kan lè di méjì láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí, méjì á di mẹ́rin, mẹ́rin á di mẹ́jọ. Ẹ fi wákàtí 10 ṣe ìṣirò rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń pọ̀ ni wọ́n ń tu oró sínú oúnjẹ, oró yìí ló sì ń mú èèyàn bì. Bí a bá tún gbé ìrẹsì náà kaná tó gbóná janjan, kòkòrò lè kú, ṣùgbọ́n oró ò ní lọ. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì yí adùn oúnjẹ padà. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè fi imú tàbí ahọ́n dá a mọ̀. Láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí 6 tí èèyàn bá jẹ ẹ́ ni èébì máa ń dé, bó ṣe dé sí àwọn ènìyàn wa gan-an.

Ẹran àti ọbẹ̀ inú ìkòkò ńlá ní kòkòrò tiwọn, Clostridium perfringens, tí òun náà máa ń sá fún iná bákan náà. Inú lílọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru ni tirẹ̀, láàárín wákàtí 6 sí 24. Èyí tó ń ti ọwọ́ olóúnjẹ wá tún wà, láti ojú egbò tàbí láti imú tí wọ́n fi ọwọ́ nù. Òun náà máa ń tu oró tí iná kì í pa.

Kí wá ni kúlà ń ṣe? Kúlà kì í dá ooru sílẹ̀. Ooru tó bá bá oúnjẹ wọlé ló ń pa mọ́, ìyẹn náà sì ń jò lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí oúnjẹ gbígbóná má ṣe wá sílẹ̀ ju ìwọ̀n 60°C lọ títí a ó fi jẹ ẹ́, kí tútù sì wà nísàlẹ̀ 5°C, àti pé kí oúnjẹ tí a ti sè má ṣe wà lásán láìsí ooru tàbí òtútù ju wákàtí 2 lọ. Àárín méjèèjì yẹn ni ewu wà. Àwa máa ń sọ pé, "Ó ṣì gbóná," bí oúnjẹ bá ti lè mú ọwọ́ yá díẹ̀. Ooru tó tu ọwọ́ lára náà ló tu kòkòrò lára. Ìrẹsì tó wà ní 60°C kò ní jẹ́ kí èèyàn fi ọwọ́ lásán bù ú jẹ.

Nínú hádíìsì kan tí Imam Muslim gbà wá, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó kó oúnjẹ jọ láti tà. Ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì náà, ìka rẹ̀ sì kan ọ̀rinrin. Nígbà tí ó bi í, ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Ànábì jẹ́ kó mọ̀ pé òkè ló yẹ kó gbé apá tó rin sí kí àwọn èèyàn lè rí i. Ọ̀pọ̀ wa mọ hádíìsì yìí gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀ fún ẹni tó ń tajà. Ó wù wá kí ẹni tó ń rajà náà wo ọwọ́ tó wọ inú òkìtì yẹn. Àyẹ̀wò kì í ṣe ìwọ̀sí sí olóúnjẹ.

Ìbéèrè wa àkọ́kọ́ ni: aago mélòó ni oúnjẹ yìí kúrò lórí iná? Kí a tó bi olóúnjẹ, ó yẹ kí a ti bi ara wa ní aago mélòó a ó jẹun ní tòótọ́, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé ìpè. Bí ó bá lè wá dáná sí ọgbà ibi ayẹyẹ, ìyẹn dára jù lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó bu omi híhó sínú kúlà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó bu oúnjẹ sí i, kí oúnjẹ bọ́ sínú rẹ̀ tààrà láti orí iná, kí ó pín in sí kúlà kéékèèké tó kún dé ẹnu, kí a sì ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kúlà ńlá kan tí gbogbo èèyàn ń ṣí wò kì í pẹ́ tutù.

Ẹ tún wo ọwọ́. Ní búkà, ẹni tó ń gba owó kò yẹ kó tún máa bu oúnjẹ láìfọ ọwọ́. Pákó tí wọ́n fi gé ẹran tútù kò yẹ kó tún jẹ́ èyí tí wọ́n fi ń gé tòmátò àti kúkúḿbà tí a ó jẹ ní tútù. Ọ̀kan tó ń bí wa nínú jù ni ti náílọ̀n: olóúnjẹ á fi itọ́ kan ìka kó lè ṣí i, tàbí kó fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, kó tó wá bu ẹ̀bà tàbí ìrẹsì sínú rẹ̀. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé ó burú.

Oúnjẹ tí a ń dì lọ sílé láti òde ayẹyẹ ńkọ́? Ìrẹsì tó ti wà nínú kúlà láti àárọ̀, tó tún wọ inú náílọ̀n, tó wà nínú báàgì títí di Ìṣáì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọmọdé. A mọ̀ pé ó dùn wá láti da oúnjẹ nù, a sì mọ̀ pé ìnákúnàá kò tọ́. Kí a sè é níwọ̀n ni ọ̀nà tí a lè gbà yẹra fún un.

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, omi ni ara ń pàdánù. Ẹ ra omi iyọ̀ oníṣúgà tó wà nínú pákì ní ilé ìwòsàn tàbí ní kẹ́míìsì. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà 6 tí a gé lórí àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà omi mímọ́ 1, kí aláìsàn máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Kí ọmọ ọwọ́ má ṣe dá ọmú dúró. Flagyl tí a máa ń sáré gbé mì kì í pa oró. Bí ojú bá ti jìn wọnú, bí ọmọ kò bá tọ̀ mọ́, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí bí omi kò bá dúró nínú rárá, ilé ìwòsàn ló kàn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá olóúnjẹ fúnra yín. Ẹ sọ ohun tí ẹ jẹ, aago tí ẹ jẹ ẹ́ àti aago tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ju èèyàn kan lọ, ẹ fi tó àwọn wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ létí, iṣẹ́ wọn ni. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ gbé e sórí WhatsApp. Nípa ọ̀rọ̀ májèlé tí a gbé kiri nígbà náà, a ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ obìnrin náà ní gbangba, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Òun náà la tún gbé oúnjẹ wàlímọ̀ tó tẹ̀ lé e fún. Nígbà tí a lọ san owó àsanṣáájú, kò bi wá ní aago tí a fẹ́ kí oúnjẹ dé. Ó gbé ìwé kékeré kan jáde, ó ní, "Ẹ sọ aago tí ẹ máa jẹun fún mi, kí n lè mọ ìgbà tí màá dáná."